Ṣé MMA ti ń jó àjórẹ̀yìn ni, àbí owó rẹ̀ ló gba ọ̀nà mìíràn?

Jíìmù_Lágéré:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìjà. Àríyànjiyàn kan wà nílẹ̀ ní jíìmù kan ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀ níbí, kò sì tíì níyanjú. Àwọn kan ní ayé MMA, ìjà tó pa ẹ̀ṣẹ́, ìtàpá àti ìjàkadì pọ̀, ti kọjá: láti ìgbà tí bẹ́líìtì ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì, Kamaru Usman àti Israel Adesanya, àwọn ọmọ OAU tí wọ́n máa ń wá béèrè kíláàsì ti padà sídìí bọ́ọ̀lù. Àwọn kejì ní irọ́ ni, pé irú owó tí UFC, iléeṣẹ́ ìdíje MMA tó tóbi jù lọ, ń rí báyìí, kò rí i rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Yàrá ńlá kan ṣófo lẹ́yìn jíìmù náà, mítà mẹ́fà níbùú, mítà mẹ́jọ lóòró. Ẹni tó ni ín ń rò ó bóyá kóun tẹ́ máàtì síbẹ̀ fún MMA, àbí kóun kó irin gbígbé àti kẹ̀kẹ́ ìdárayá sí i. Ta ló ń ra ìlù nígbà tí eégún ti ń wọgbó lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, "mo rò pé" kọ́ la fẹ́ o. Ọdún, iye, àti ohun tó fà á ni kẹ́ ẹ fún wa. Ẹni tó bá sì mọ ohun tí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ń gbà, kó má fi pamọ́.

Ọmọ_Òṣómàáló (Ilésà):

Owó lọmọ Ìjẹ̀ṣà fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ n tibẹ̀ wọlé.

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ pa pọ̀ tẹ́ ẹ pè ní òkìkí. Iye èèyàn tó ń sanwó wo ìjà kan ṣoṣo wà lọ́tọ̀. Owó tó ń wọ àpò iléeṣẹ́ tó ni eré wà lọ́tọ̀. Iye àwọn tó mọ ẹni tó máa jà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn náà wà lọ́tọ̀. Ọ̀kan lè máa gòkè kí èkejì máa sọ̀, bó sì ṣe rí gan-an nìyẹn.

UFC àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá, 1993, ní Denver. Ọkùnrin mẹ́jọ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sí ìpín ìwọ̀n, Royce Gracie tí kò ní ẹran lára fi ìjà ilẹ̀ borí ẹni mẹ́ta. Òkìkí ọ̀hún kò pẹ́. Àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà gbógun tì í, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n oníwáyà yọ ọ́ kúrò lórí ètò wọn, nígbà tó fi máa di oṣù Kìn-ín-ní, 2001, mílíọ̀nù méjì dọ́là péré ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Fertitta fi ra gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ lónìí pé MMA ti kú, kó mọ̀ pé wọ́n ti sìnkú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, ó sì jí padà.

Oṣù Kẹrin, 2005 ló tún gbérí, nígbà tí Forrest Griffin àti Stephan Bonnar fi abala mẹ́ta na ara wọn bí ẹni na bàrà lórí ìkànnì tí kò gba àfikún owó. Láti ibẹ̀ ni ọjà sanwó-kí-o-tó-wò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú. UFC 100, alẹ́ ìjà ńlá wọn kan (nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n), ní oṣù Keje, 2009 tà tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ó lé. Conor McGregor, oníjà ará Ireland, dé, ó sọ irú iye bẹ́ẹ̀ di ohun tí a ń retí nígbàkigbà tó bá jà. Òun àti Khabib Nurmagomedov ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, 2018, ìyẹn UFC 229, tà tó mílíọ̀nù 2.4. Kò sí ìjà MMA kankan tó tíì dé ibẹ̀ láti ìgbà náà. Bó bá jẹ́ èyí lẹ fi ń wọ̀n ọ́n, àríyànjiyàn ti parí: góńgó ti kọjá, àwọn tó ní kò tíì kọjá ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àwòrán oní-ìlà tí wọ́n ń pín kiri pé ọjà náà ti ń ṣubú lọ́dọọdún láti 2019. Láti oṣù Kẹrin ọdún yẹn títí àdéhùn wọn fi parí lọ́dún 2025, orí ESPN+, ìkànnì ESPN tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nìkan lará Amẹ́ríkà ti ń ra ìjà ńlá UFC, iye tí wọ́n ń tà kò sì jáde déédéé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìméfò ló pọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ ń kà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ohun tó dájú ni iye tí wọ́n ń gbà: $59.99 nígbà tí ESPN+ bẹ̀rẹ̀, $79.99 nígbà tó fi máa di 2023, lórí owó oṣooṣù tí èèyàn ti san kó tó lè rà á. Ẹni tó bá fi àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin dáwó tẹ́lẹ̀ yóò dá a síbẹ̀. Ẹni tó ń dá rà á yóò wá ìkànnì olè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran gbà lọ, wọn kò sì sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Owó tó ń wọlé wá ńkọ́? Iléeṣẹ́ tí wọ́n rà ní $2 mílíọ̀nù lọ́dún 2001, nǹkan bíi $4 bílíọ̀nù ni wọ́n tà á lọ́dún 2016. Títí di 2025, ESPN ń san nǹkan bíi $550 mílíọ̀nù lọ́dún. Ní oṣù Kẹjọ, 2025, Paramount, iléeṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí $7.7 bílíọ̀nù fún ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ láti 2026. Ẹ pín in: $1.1 bílíọ̀nù lọ́dún kan, nǹkan bíi ìlọ́po méjì ti ESPN. Wọ́n sì fagi lé sanwó-kí-o-tó-wò ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti ń san owó oṣooṣù ti rí gbogbo rẹ̀, ìjà ńlá 13 àti kékeré 30 lọ́dún.

Ohun tí èyí yí padà kọjá owó. Nígbà tí wọ́n ń ta ìjà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n nílò McGregor, ẹni tí ìyá àgbà tí kì í wo ìjà yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní báyìí, ohun tí Paramount ń fẹ́ ni kí oníbàárà má fagi lé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò bèèrè ìràwọ̀. Ó ń bèèrè kí ìjà wà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má retí pé iléeṣẹ́ náà yóò fara ṣe wàhálà láti tún dá irú McGregor sílẹ̀. Kò sí èrè níbẹ̀ fún un bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìjòfì_Kò_Gbà:

Ẹ̀gbọ́n Òṣómàáló, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ owó kọ́ ni òkìkí. Bí ẹnì kan ṣoṣo tó lówó bá ra gbogbo iṣu tó wà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, kò sọ pé ará ìlú ń jẹ iṣu.

Ẹ wo Japan. Ní alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 2003, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ló gbé ìjà sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ti iléeṣẹ́ ìdíje PRIDE lórí Fuji TV, ti K-1 lórí TBS, ti Inoki lórí Nippon TV. Ìjà Bob Sapp àti Akebono fi ìṣẹ́jú díẹ̀ borí ètò orin ọdún tuntun tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń wò láti ìgbà láéláé. Ta ló máa gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ó máa tó parí? Oṣù Kẹfà, 2006, Fuji TV já okùn PRIDE lórí ọ̀rọ̀ àjọṣe pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn. Láìpé ọdún kan, àwọn tó ni UFC rà á, wọ́n sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Oníjà kò tán, òǹwòran kò sì kú. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ló ń gbé gbogbo ilé náà ró, ó yọ èjìká, ilé wó.

UFC ti gbé ara rẹ̀ lé iléeṣẹ́ kan ṣoṣo báyìí fún ọdún méje. Kì í ṣe pé yóò wó o. Ṣùgbọ́n ẹ má pe owó ẹnì kan ní òkìkí.

Ọmọ_Òṣómàáló (Ilésà):

Àbúrò, mo gbà fún ẹ lórí Japan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé PRIDE kò ní ọjà mìíràn tó lágbára lẹ́yìn Fuji TV. UFC ń ta tíkẹ́ẹ̀tì: UFC 205 ní Madison Square Garden lọ́dún 2016 pa $17.7 mílíọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà, UFC 306 ní Sphere lọ́dún 2024 kọjá $21 mílíọ̀nù. Ìjọba Abu Dhabi àti Saudi náà ń sanwó kí wọ́n lè gbé ìjà wá sọ́dọ̀ wọn. Èèyàn tó jókòó sórí àga tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kò ṣeé fi ìwé àdéhùn dá.

Ibi tí eré náà ti ń ṣàárẹ̀ lóòótọ́ ni ẹ̀ka kẹta tí mo sọ, mímọ orúkọ. Láti 2017 ni wọ́n ti ń fi ètò Contender Series kó àwọn ọmọdé oníjà wọlé ní owó táṣẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni Apex dé, gbọ̀ngán kékeré wọn ní Las Vegas. Kéèjì ibẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25 láti ìgbátí dé ìgbátí, ti ìjà ńlá jẹ́ 30. Èrò kò tó nǹkan níbẹ̀, igbe kò sí. Ẹni méjì tí ẹ kò mọ̀ rí ń jà bí ẹni ń ṣe ìdánrawò. Ẹ fi irú rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dún, ẹni tó ń wo gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á wò.

Àti owó oníjà. Ẹjọ́ tí àwọn oníjà pe iléeṣẹ́ náà ní oṣù Kejìlá, 2014 fi hàn pé ìpín wọn kò tó ìdá 20 nínú 100 owó tó ń wọlé. $375 mílíọ̀nù ni wọ́n fi parí rẹ̀, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i lọ́dún 2025. Ìdí nìyẹn tí Francis Ngannou fi kúrò pẹ̀lú bẹ́líìtì lọ́rùn ní oṣù Kìn-ín-ní, 2023, tó lọ bá Tyson Fury ja ẹ̀ṣẹ́ ní Riyadh lọ́dún kan náà, tí Anthony Joshua tiwa sì lù ú dákú ní abala kejì ní oṣù Kẹta, 2024. Àwọn àgbà ní ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó gbajúmọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré tipẹ́, àmọ́ ní MMA, ó ṣì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn mu.

Akọ̀wé_Mayfair:

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ, ti Amẹ́ríkà ni. Ìbéèrè ẹni tó ni gbọ̀ngán ní Lágéré, ti Ifẹ̀ ni.

Góńgó tiwa ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Usman, tí wọ́n bí ní Auchi, gba bẹ́líìtì ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, 2019. Adesanya, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó, gba tiẹ̀ pátápátá ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn lójú èèyàn 57,127 ní Melbourne. Ngannou ti Cameroon kún wọn ní oṣù Kẹta, 2021. Láti ìgbà náà, bẹ́líìtì mẹ́ta wà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó parí ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, 2022, nígbà tí Leon Edwards ta Usman nípàá lórí nínú abala karùn-ún, ó kù díẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan pé kí agogo lù, Usman sì ti ń borí nínú ìwé àwọn adájọ́. Alex Pereira gba ti Adesanya ní oṣù Kọkànlá. Ó gbà á padà ní oṣù Kẹrin, 2023, Sean Strickland sì tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Láti ìgbà náà, ará South Africa, Dricus du Plessis, ló tún gba bẹ́líìtì náà wá sí Áfíríkà, ní oṣù Kìn-ín-ní, 2024. Ẹ wá bi ara yín: mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń pariwo "Izzy", ìyẹn Adesanya, ní Damico ló mọ orúkọ du Plessis? Ọmọ ilé la ń wò, a kò wo eré.

Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ rọrùn láti rí. Kò sí èyí tó kọ́ ìjà níbí nínú àwọn tiwa méjèèjì. Yunifásítì ní Nebraska ni Usman ti di ọ̀gá nínú ìjàkadì, Auckland ni Adesanya ti dàgbà nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n lọ sílẹ̀, wọn kò fi àkàbà kankan sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun: kò sí ìdíje oṣooṣù, kò sí ẹni ọdún 17 kan ní Mòdákẹ́kẹ́ tí aládùúgbò rẹ̀ yóò lọ wò lọ́jọ́ Sátidé. Bọ́ọ̀lù ní èyí ní gbogbo pápá. Ẹ̀ṣẹ́ náà ní in nígbà Hogan Bassey àti Dick Tiger. PFL, iléeṣẹ́ ìdíje MMA mìíràn, ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje ti Áfíríkà láti oṣù Keje, 2025, Cape Town ni wọ́n ti ṣí i. Ojú ibẹ̀ ni mo ń wò ju UFC lọ.

Aago náà tún wà níbẹ̀, ẹni tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìjà tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé ní New York, aago mẹ́ta òru ló jẹ́ fún wa láti oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, aago mẹ́rin nígbà òtútù wọn. Ìjà tó gbẹ̀yìn lè wọ aago mẹ́fà àárọ̀ Sunday. Ta ló máa tan jẹnẹrétọ̀ láti òru mọ́jú fún èèyàn mẹ́jọ, tí méjì nínú wọn ti sùn lórí bẹ́ǹṣì, tí àwọn yòókù sì ní ṣọ́ọ̀ṣì? Kódà ti Melbourne yẹn, ọ̀sán gangan ni wọ́n jà á níbẹ̀ nítorí kí ará Amẹ́ríkà lè wò ó lálẹ́. Irú ti Abu Dhabi máa ń bọ́ sí aago méje alẹ́ wa tàbí nítòsí rẹ̀. Fóònù lèèyàn fi ń wo ìyókù, ìṣẹ́jú méjì níbi tí wọ́n ti lu ẹnì kan dákú, ó tán.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, kó lọ sí Google Trends. Kó tẹ UFC, kó má mú ọ̀rọ̀ lásán o, èyí tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ó jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ ni kó mú, kó yan Nàìjíríà, kó sì fa ọdún rẹ̀ láti 2004 dé òní. 100 tó máa rí níbẹ̀ kì í ṣe iye èèyàn. Oṣù tí ìwádìí pọ̀ jù lọ ni wọ́n fi ṣe 100, gbogbo ìyókù ni wọ́n fi wọ̀n mọ́ ọn. Nítorí náà, ìjà ńlá kan ṣoṣo lè tẹ gbogbo ọdún yòókù mọ́lẹ̀ kó dà bíi pé eré ti kú. Ilẹ̀ àárín òkè méjì ni kó wò, kì í ṣe orí òkè. Kó tún kíyè sí àmì tí Google fi sí ìbẹ̀rẹ̀ 2022: wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń kó ìsọfúnni jọ padà níbẹ̀, kó má fi ohun tó wà lápá òsì rẹ̀ wé tọ̀tún bí ẹni pé ọ̀kan náà ni.

Jíìmù_Lágéré:

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti ń yé wa. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ilé là ń wò, ṣé kí ọ̀gá kọ "MMA" sára pátákó rẹ̀ àbí kó má kọ ọ́? Èèyàn 12 lẹ́ẹ̀kan náà ló ní lọ́kàn.

Kóòṣì_Pàrákìn:

Kó má kọ ọ́. Kó kọ "Ẹ̀ṣẹ́, ìjàkadì àti ìgbèjà ara ẹni". MMA lórí pátákó ń mú ọmọkùnrin tó fẹ́ fi agbára han ẹnì kan ní ọjọ́ kejì wá. Ìgbèjà ara ẹni ń mú obìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ àti òṣìṣẹ́ báńkì tí ikùn ti yọ wá, àwọn yẹn ló sì ń sanwó lóṣooṣù. Ọmọ ilé ìwé dára, àmọ́ bí OAU bá ti lọ fún ìsinmi, tàbí tí wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀, ìlàjì kíláàsì lọ nìyẹn. Ará ìlú ni kó fi ṣe ìpìlẹ̀.

Yàrá mítà mẹ́fà sí mẹ́jọ: kó tẹ́ máàtì sí mẹ́fà sí mẹ́fà, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún bàtà, omi àti àpò ẹ̀ṣẹ́. Máàtì ẹlẹ́yín tó ń wọnú ara wọn, mítà kan sí kan, 36 ló máa gbà. Kó ra èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Oní-méjì tó fún ẹ̀ṣẹ́ nìkan, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ẹnì kan ṣánlẹ̀ lórí rẹ̀, ìgbáròkó rẹ̀ yóò gbọ́ sìmẹ́ńtì. Ẹni méjì tó ń jìjàkadì ń gbà tó mítà méjì ààbọ̀ lọ́nà méjèèjì, nítorí náà orí máàtì yìí kò gbà ju ìlọ́po mẹ́rin ẹni méjì lọ láìforí gbárí. Nínú èèyàn 12, mẹ́jọ wà lórí máàtì, mẹ́rin wà nídìí àpò, kí wọ́n máa pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta.

Kó má tẹ́ ẹ lé orí sìmẹ́ńtì tààrà. Nígbà òjò, ọ̀rinrin ń gòkè láti ilẹ̀, abẹ́ máàtì á máa hu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, àfi tó bá ń rùn. Nylon tó nípọn lákọ̀ọ́kọ́, páákó pílíúùdù lé e, máàtì lórí rẹ̀. Kó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há etí rẹ̀ yí ká, tí kò bá há a, máàtì á máa rìn, àlàfo á là láàárín rẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń bọ́ sí tó ń kán.

Àpò ẹ̀ṣẹ́: kó má so ó mọ́ igi àjà. Àpò tó wúwo tó kílò 40 tí èèyàn ń gbá lójoojúmọ́ yóò tú ìṣó òrùlé. Kó jẹ́ kí onírin jó férémù tó dúró lórí ilẹ̀ fún un. Àkísà gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni kó kì sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi yanrìn kún un, láàárín oṣù kan yanrìn náà á sọ̀ sísàlẹ̀, á le bí ògiri, òkè á sì ṣófo. Ọrùn ọwọ́ ló ń jìyà rẹ̀.

Gílọ́ọ̀fù: oní-áńsì mẹ́rin tẹ́ ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n wà fún ọjọ́ ìjà. Níbi ìdánrawò, oní-áńsì 16 ni fún ẹ̀ṣẹ́. Báńdéèjì ọwọ́ mítà mẹ́rin ààbọ̀ lábẹ́ rẹ̀, oníkálukú ló ń ra tiẹ̀. Ìbò eyín náà, ẹnikẹ́ni kì í yá ẹlòmíràn. Èyí tí wọ́n ń fi omi gbígbóná rọ̀: kó wà nínú omi fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín òkè, kó fà á mu, kó sì rì í sínú omi tútù. Bó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, ó di rádaràda, owó ti ṣòfò.

Mímọ́ tótó ló ń lé oníbàárà ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Làpálàpá àti eéwo ń gba orí máàtì ràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn gbogbo kíláàsì, gbá a, lẹ́yìn náà fi omi tí ẹ po Jik sí nù ún, ìdá kan Jik sí 50 omi, jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó fi omi mímọ́ nù ún kúrò. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, èéfín tó ń jáde nínú irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bàtà kò gbọ́dọ̀ gun máàtì. Ẹni tó bá ní làpálàpá, kó jókòó sílé títí yóò fi gbẹ, kí kóòṣì má ṣojú àánú.

Ní ti ẹ̀kọ́, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó mọ ẹ̀ṣẹ́ kankan, ni fífi ọwọ́ lu ara ẹnì kejì lẹ́ẹ̀mejì láti sọ pé ó tó. Bí wọ́n bá fún èèyàn lọ́rùn dáadáa, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó lè dákú, kò sí àyè àlàyé nígbà náà. Kó má sí ìjà gidi láàárín wọn fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Ibi tí ọ̀pọ̀ kíláàsì ti ń tú nìyí: kóòṣì fẹ́ kí wọ́n gbádùn ọjọ́ kejì, ó jẹ́ kí wọ́n lu ara wọn, àwọn mẹ́fà kò padà wá. Ẹni tí orí rẹ̀ bá gbá tí ojú rẹ̀ ṣú, tàbí tó ń bì, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Àwọn àjọ tó ń ṣàkóso ìjà ní Amẹ́ríkà sábà máa ń dá ẹni tí wọ́n lù dákú dúró fún 30 sí 60 ọjọ́. Kí jíìmù Lágéré má ro ara rẹ̀ pé ó gbọ́n jù wọ́n lọ.

Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọmọdé kankan fi àìmu omi dín ìwọ̀n rẹ̀ kù torí fọ́tò tó rí lórí Instagram. Yang Jian Bing, ọmọ ọdún 21, kú ní Manila ní oṣù Kejìlá, 2015 níbi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìjà rẹ̀.

Kóòṣì fúnra rẹ̀: ẹni tó ti jìjàkadì tàbí júdò fún ìpínlẹ̀, pẹ̀lú ẹni kan tó mọ ẹ̀ṣẹ́, àwọn méjèèjì sàn ju ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní kóòṣì MMA tó jẹ́ pé YouTube ni ọ̀gá rẹ̀.

Ọmọ_Òṣómàáló (Ilésà):

Ẹ kú làákàyè, Kóòṣì. Ní ti owó, èyí tẹ́ ẹ sọ ti dáhùn ìbéèrè náà: máàtì kò so mọ́ MMA. Bí MMA bá rọ̀, júdò wà, ìjàkadì wà, ìdárayá àwọn ìyá wà ní àárọ̀ Sátidé. Kẹ̀kẹ́ ìdárayá tó bá bàjẹ́ ní Ifẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ Èkó ni. Máàtì kan tó bá ya, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i. Kó tẹ́ máàtì.

Ìjòfì_Kò_Gbà:

Lórí èyí, mo gbà. Kó má ra aláwọ̀ dúdú o. Ìdọ̀tí àti ẹ̀jẹ̀ kì í hàn lórí rẹ̀, wọn kò ní mọ ibi tí wọn kò tíì nù. Búlúù tàbí eérú ni kó rà, kó sì fi mẹ́rin kún 36 yẹn láti ọwọ́ ẹni kan náà lọ́jọ́ kan náà. Eyín máàtì àwọn tó ń ṣe é yàtọ̀ síra, èyí tó bá rà lọ́dún tó ń bọ̀ lè má wọ inú ti àkọ́kọ́.